Hydrangea wa ń rúwé yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n kò tanná: ẹ bá mi wò ó

Ìyá Ọlọ́gbà, Kent (6 oṣù kẹrin 2024)

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olùfẹ́ ọ̀gbìn. Ọ̀rọ̀ hydrangea kan tó wà níwájú ilé wa ló gbé mi wá. Nígbà tí a kó dé ilé yìí ní ìparí ọdún 2020, igi náà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì ga dé àyà mi. Nígbà tí ooru ọdún 2021 dé, ó tanná débi pé àwọn tó ń kọjá lójú títì ń dúró wò ó. Òdòdó rẹ̀ rí rìbìtì bí orí ọmọ ọwọ́, mo sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Abẹ́òkúta. Láti ìgbà náà, ewé nìkan ni mo ń rí. Ọdún 2022 kọjá, kò yọ òdòdó kankan. Ní ọdún 2023, ẹyọ kan ṣoṣo ló yọ, ìyẹn náà sì fara pamọ́ sẹ́yìn àgbá tí a fi ń gbe omi òjò, níbi tí ojú ò ti tó o. Ewé rẹ̀ tutù, ó nípọn, kò sí kòkòrò kankan lára rẹ̀. Mo máa ń bu ajílẹ̀ tí a rà fún koríko àgbàlá sí ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nígbà ooru, nítorí mo rò pé ebi ló ń pa á. Ṣé ilẹ̀ ni kò dára ni, àbí igi náà ti darúgbó? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Ewé Tutù, London

Ìyá wa, ẹ kú àníyàn. Ohun tí ojú tèmi rí ni mo fẹ́ sọ. Abẹ́ igi ńlá kan ni mo kọ́kọ́ gbin tèmi sí, ewé lásán ló sì ń yọ fún odidi ọdún mẹ́ta. Nígbà tí mo hú u lọ sí ibi tí oòrùn òwúrọ̀ ti ń dé, tí ògiri sì ń ṣíji bò ó láti ọ̀sán lọ, ó yọ òdòdó mẹ́sàn-án ní ọdún kejì. Ẹ wò ó bóyá igi kan tàbí ọgbà aládùúgbò ti ga sí i láti ọdún 2021, tó wá ń dí oòrùn lọ́wọ́. Ẹ má kàn gbé e lọ sí gbangba oòrùn ọ̀sán o. Ní 19 oṣù keje 2022, ọjọ́ tí ooru ilẹ̀ yìí kọjá ogójì lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì, gbogbo ewé tèmi tó yọrí sí ìta ìbòòji ló gbẹ létí bí ìwé tí iná rà.

Bàbá Àgbẹ̀, Leeds

Ẹ kú iṣẹ́ ọgbà, ẹ̀yin ìyá wa. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi iṣẹ́ ọgbà jẹun ní ilẹ̀ yìí, ẹ̀sùn yìí gan-an ni mo sì máa ń gbọ́ jù lẹ́nu àwọn tí mo ń bá ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ oòrùn tí Ewé Tutù sọ dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè méjì. Àkọ́kọ́, ta ló ń gé igi náà, oṣù wo ló sì ń gé e? Èkejì, ẹ̀ka tó yọ òdòdó kan ṣoṣo lẹ́yìn àgbá omi yẹn, ṣé ọwọ́ ẹni tó ń gé igi máa ń dé ibẹ̀?

Ìdí tí mo fi béèrè ni pé hydrangea olórí rìbìtì tí ẹ ṣàpèjúwe, èyí tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ń jẹ́ Hydrangea macrophylla, tí ó ti ilẹ̀ Japan ṣẹ̀ wá, kì í dá òdòdó ọdún yìí ní ọdún yìí. Láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ló ti dá a sínú irúdí tó wà ní ṣóńṣó ẹ̀ka. Irúdí yẹn yóò wá dúró síbẹ̀, yóò fara da òjò, afẹ́fẹ́ àti yìnyín, títí ilẹ̀ yóò fi móoru, tí yóò sì tú ní oṣù kẹfà tàbí oṣù keje. Nítorí náà, ẹni tó bá rẹ́ orí ẹ̀ka náà nígbà ìwọ́wé, òdòdó ọdún tó ń bọ̀ ló rẹ́ dànù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ kò rí òdòdó kankan níbẹ̀. Igi náà kò ní kú. Yóò tún hu ẹ̀ka tuntun láti ìsàlẹ̀, ewé rẹ̀ yóò sì tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyẹn ló sì ń tan ènìyàn jẹ.

Ìyá Ọlọ́gbà, Kent

Bàbá, ìbéèrè yín kejì ni mo kà tí mo fi dìde kúrò lórí ìjókòó. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2021 ni ọkùnrin kan ti ń wá bá wa tún iwájú ilé ṣe kí òtútù tó dé. Ẹ̀rọ ìgégi oníná ló ń lò, ó sì máa ń gé hydrangea náà sílẹ̀ dé orúnkún, ó ní ìyẹn ni yóò jẹ́ kí ó dúró ṣinṣin. Àgbá omi náà fara ti ògiri, ẹ̀rọ rẹ̀ kì í lè wọ àárín wọn. Mo ti jáde lọ wò ó ní kíá. Ẹ̀ka mẹ́ta ló wà lẹ́yìn àgbá tí kò fọwọ́ kàn rí, orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní irúdí kan tó sanra, tó wú bí èso ẹ̀pà, tí ewé wẹ́wẹ́ ti ń yọjú létí rẹ̀. Àwọn ẹ̀ka tó gé ní tiwọn ní irúdí lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n mú ṣóńṣó, wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀ka. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ nìyẹn?

Bàbá Àgbẹ̀, Leeds

Òun gan-an ni. Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí i, ẹ fi irúdí kan jì mí nínú àwọn mẹ́ta yẹn. Ẹ já èyí tó kéré jù, ẹ fi abẹ là á sí méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì gbé e sún mọ́ fèrèsé. Ẹ óò rí ewé kéékèèké tó ká mọ́ra bí aṣọ tí a ṣẹ́ léra, ní àárín wọn gan-an ni ẹ óò sì ti rí ohun kan tó funfun díẹ̀, tó ní kókó wẹ́wẹ́ bí ọkà bàbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ orí. Òdòdó oṣù keje nìyẹn, ó ti pé síbẹ̀ kí ìrúwé tó dé. Bí ẹ bá la irúdí tẹ́ẹ́rẹ́, ewé nìkan ni ẹ óò bá nínú rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ má fọwọ́ kan àwọn ẹ̀ka tí ọkùnrin náà gé ní ọdún tó kọjá, àfi èyí tó bá ti kú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dàgbà ní gbogbo ìgbà ooru yìí, kí wọ́n fi ìparí rẹ̀ rúdí. Lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ tó kù kò pọ̀. Bí òdòdó bá ti gbẹ, ẹ fi í sílẹ̀ lórí igi jálẹ̀ ìgbà òtútù, nítorí ó ń ṣe bí ìbòrí fún irúdí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹta tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin, ẹ di òdòdó gbígbẹ náà mú, kí ẹ sọ ojú kalẹ̀ lára ẹ̀ka náà títí dé oríkèé àkọ́kọ́ tí irúdí méjì tó sanra ti kọjú síra, ẹ óò sì fi àlùmọ́gàjí ọgbà gé e sókè wọn gẹ́lẹ́. Kò ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí méjì tí ẹ óò gé lọ. Bí igi náà bá ti dàgbà púpọ̀ tí àárín rẹ̀ sì há, ẹ yan ẹ̀ka kan tàbí méjì tó gbó jù lọ lọ́dún, èyí tí èèpo rẹ̀ ti ń ṣí, kí ẹ gé e ní ìdí pátápátá, kí ẹ̀ka tuntun lè rí àyè.

Ajílẹ̀ koríko yẹn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró lónìí. Náítírójìn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ewé ló sì ń lé jáde. Ẹ bu ìlẹ̀dú tàbí ewé jíjẹrà sí ìdí rẹ̀ ní ìgbà ìrúwé, kí ó nípọn tó ìka mẹ́ta, kí ó má fara kan ìtí igi náà. Ó tó o.

Ará Ìlú Chicago

Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ yìí rú mi lójú díẹ̀. Ọdọọdún ní oṣù kẹta ni mo ń gé tèmi sílẹ̀ dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, nígbà mìíràn mo tilẹ̀ ń gé e kù sí ìdí, síbẹ̀ òdòdó funfun tó ń yọ lórí rẹ̀ pọ̀ débi pé ẹ̀ka ń tẹ̀ nígbà tí òjò bá rọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé orí ẹ̀ka àtijọ́ ni òdòdó ń gbé, báwo ni tèmi ṣe ń tanná?

Bàbá Àgbẹ̀, Leeds

Ìbéèrè tó yẹ nìyẹn, mo sì dúpẹ́ pé ẹ gbé e dìde, nítorí ẹlòmíràn ì bá ti ibí yìí lọ ṣi igi rẹ̀ tọ́jú. Bí ẹ bá sọ òdòdó funfun, tí ẹ sì sọ Chicago, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fọwọ́ sọ̀yà pé Annabelle ni tiyín. Ìran Hydrangea arborescens nìyẹn, ọmọ bíbí ilẹ̀ Amẹ́ríkà níbi tí ẹ wà, kódà ìlú Anna ní gúúsù ìpínlẹ̀ Illinois tiyín ló fún un lórúkọ. Orí ẹ̀ka tuntun tó hù ní ọdún kan náà ni irú rẹ̀ ń yọ òdòdó sí, torí náà gígé kò pa á lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni Hydrangea paniculata, èyí tí òdòdó rẹ̀ gùn, tó sì mú lókè. Ìgbà tí òtútù bá ń lọ ni à ń gé àwọn méjèèjì.

Ewé máa ń fi ìyàtọ̀ hàn kí òdòdó tó dé. Ti macrophylla nípọn, ó ń dán bí ẹni fi òróró pa á, etí rẹ̀ sì ní eyín bí ayùn. Ti Annabelle fẹ́lẹ́, kò dán, ó sì rí bí ọkàn. Ti paniculata kéré, ó gùn, ó sì máa ń le díẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń yọ òdòdó lórí ẹ̀ka àtijọ́ àti lórí tuntun. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Endless Summer, tí ó jáde sọ́jà ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2004, ó sì wúlò ní irú ìlú tiyín, níbi tí òtútù ti máa ń pa ẹ̀ka macrophylla dé ilẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Manchester

Ẹ ṣeun gan-an ni, Bàbá. Tèmi yàtọ̀ sí ti ìyá wa ní Kent. Èmi kì í gé tèmi rárá, ẹ̀rù ló ń bà mí. Ní ọdún tó kọjá, irúdí tó sanra wà lórí gbogbo ẹ̀ka, ewé sì ti yọ tó ìwọ̀n ìka. Nígbà tó di òru ọjọ́ kan ní ìparí oṣù kẹrin, ìrì dídì bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, gbogbo ṣóńṣó ẹ̀ka ti dúdú, wọ́n sì rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ bí ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ lómi gbígbóná. Ìwọ̀nba òdòdó díẹ̀ ni mo rí lẹ́yìn rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn sì wà. Kí ni ènìyàn lè ṣe sí irú èyí?

Ewé Tutù, London

Ẹ gbà mí láàyè kí n dáhùn èyí, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Mo máa ń wo àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ láti ìparí oṣù kẹta títí di àárín oṣù karùn-ún. Bí wọ́n bá ti sọ pé òru yóò tutù dé òdo tàbí kí ó lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, mo máa ń ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń bo ọ̀gbìn lé e lórí kí oòrùn tó wọ̀, màá sì ká a kúrò ní òwúrọ̀. Ìgbà kan tí n kò ní irú aṣọ yẹn nílé, aṣọ ìbusùn àtijọ́ méjì ni mo dà bò ó, ó sì gba igi náà là. Ohun tí Bàbá sọ nípa fífi òdòdó gbígbẹ sílẹ̀ lórí igi ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀ pẹ̀lú. Tẹ́lẹ̀ rí, bí ó bá ti gbẹ ni mo ń já a, nítorí mo rò pé ìdọ̀tí ni.

Bàbá Àgbẹ̀, Leeds

Ewé Tutù ti dáhùn dáadáa. Èyí tí n ó fi kún un ni pé kí Ọmọ Ẹ̀gbá wo ìhà tí ilé rẹ̀ kọjú sí. Bí oòrùn òwúrọ̀ bá bọ́ sórí ẹ̀hù tí ìrì ti dì mọ́ lára lójijì, ìpalára rẹ̀ máa ń pọ̀ jù bí ó ṣe yẹ lọ. Igi tó wà ní ìhà ìwọ̀ oòrùn ilé máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ kí oòrùn tó kàn án. Ṣóńṣó tó ti dúdú, ẹ gé e padà sí oríkèé tó ṣì wà láàyè, kí ẹ má sì tètè sọ̀rètí nù, nítorí irúdí tó wà nísàlẹ̀ lè ní òdòdó nínú.

Aláró, Birmingham

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ìdílé aláró ni wọ́n bí mi sí, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn hydrangea aláwọ̀ aró. Nígbà tí mo ra tèmi, búlúù ni, ó dùn ún wò bí àdìrẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó di píǹkì. Ẹnì kan ní kí n ri ìṣó tó dípẹtà mọ́ ìdí rẹ̀, mo ṣe bẹ́ẹ̀, kò yí padà.

Bàbá Àgbẹ̀, Leeds

Ọmọ aláró yóò tètè lóye èyí, nítorí ilẹ̀ ni ìkòkò aró rẹ̀. Alumíníọ̀mù ló ń sọ òdòdó di búlúù, kì í ṣe irin, ìdí nìyẹn tí ìṣó kò fi ṣiṣẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ilẹ̀ ló ní alumíníọ̀mù nínú, ṣùgbọ́n ibi tí ilẹ̀ bá ti kan ni gbòǹgbò ti lè fà á mu. Bí ìwọ̀n pH ilẹ̀, èyí tó ń sọ bí ilẹ̀ ṣe kan tó (bí ó bá ṣe kéré tó ni ilẹ̀ ṣe ń kan tó), bá wà ní 5.5 tàbí kí ó dín, búlúù ni ẹ óò rí. Bí ó bá kọjá 6.5, píǹkì ni. Láàárín méjèèjì, ó máa ń jẹ́ elésè àlùkò. Funfun kì í yí padà bẹ́ẹ̀. Omi ẹ̀rọ ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù ilẹ̀ yìí sì ní èròjà ẹfun nínú, tí à bá ń bù ú sí ìdí igi lójoojúmọ́, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa pa kíkan ilẹ̀.

Ohun tí mo máa ń gba ènìyàn níyànjú ni kí ó gbìn ín sínú ìkòkò ńlá, kí ó lo kọ́ḿpóòsì tí wọ́n ṣe fún ọ̀gbìn tó ń fẹ́ ilẹ̀ kíkan, kí ó máa fi omi òjò rin ín, kí ó sì fi èròjà alumíníọ̀mù sọ́féètì tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí sí i bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí rẹ̀. Kí ó yẹra fún ajílẹ̀ tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí ó ń de alumíníọ̀mù mọ́lẹ̀. Ìyá wa ní Kent, bí ẹ̀yin bá wà lórí ilẹ̀ ẹfun, ẹ jẹ́ kí tiyín jẹ́ píǹkì, ẹ má bá ilẹ̀ jà.

Ọmọ Ìbàdàn

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé a lè gbin èyí ní Ìbàdàn níbí? Àbúrò mi gbé ẹ̀ka kan wá láti òkè òkun, ó hù, ó ń rúwé.

Bàbá Àgbẹ̀, Leeds

Yóò rúwé, àbúrò mi, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ fi ọdún ṣòfò lórí rẹ̀. Irúdí macrophylla ń fẹ́ òtútù fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ó tó lè tú dáadáa, irú òtútù bẹ́ẹ̀ kò sì sí ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá. Ixora ni kí ẹ gbìn. Òun náà ń yọ òdòdó olórí rìbìtì, ó fẹ́ràn ooru àti ilẹ̀ kíkan, yóò sì dá yín lọ́lá ní iwájú ilé.

Ìyá Ọlọ́gbà, Kent (20 oṣù keje 2025)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ilé. Mo ti ṣèlérí fún ara mi pé n kò ní kọ ohunkóhun síbí títí ojú mi yóò fi rí àbọ̀ rẹ̀. Ní ooru tó kọjá, òdòdó méjì péré ló yọ, lẹ́yìn àgbá náà ni, nítorí mo ti la irúdí kẹta gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti wí. Mo sì rí kókó wẹ́wẹ́ náà. Mo pe ọmọ mi wá wò ó, kò gbà pé òdòdó ni.

Nígbà tí oṣù kẹjọ dé tí òjò sì dáwọ́ dúró, mo ń fún un lómi lálaalẹ́, torí mo rántí pé ìgbà náà ló ń dá òdòdó tó ń bọ̀. Mo kọ́kọ́ ń dààmú bí ewé rẹ̀ bá sorí kọ́ lọ́sàn-án, títí mo fi kíyè sí i pé ó máa ń dìde fúnra rẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú. Láti ìgbà náà, òwúrọ̀ tí mo bá bá a ní sísorí kọ́ nìkan ni mo ń fún un ní omi kíkún. Ní oṣù kẹwàá, ọkùnrin náà dé pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀. Mo mú un dé ìdí igi náà, mo fi irúdí hàn án, mo sì ṣàlàyé. Kò bínú rárá. Ó ní ilé mẹ́rin mìíràn wà tí òun ń gé hydrangea wọn bẹ́ẹ̀, òun yóò sì lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Mo fi òdòdó méjì náà sílẹ̀ lórí igi, mo bò ó lóru mẹ́ta ní oṣù kẹrin, mo gé orí wọn bí ẹ ṣe kọ́ mi.

Lánàá, mo ka òdòdó orí rẹ̀: mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Píǹkì ni gbogbo wọn, n kò bá ilẹ̀ jà. Àwọn tó wà níhà ògiri ṣì ń ṣí, àárín wọn ṣì ní àwọ̀ ewé díẹ̀. Ewé Tutù, mo ti gé ẹ̀ka mẹ́ta tí kò ní òdòdó lórí, mo dín ewé wọn kù, mo sì ri wọ́n sínú ìkòkò kékeré ní ibi tí oòrùn kì í dé. Bí wọ́n bá ti ta gbòǹgbò, ọ̀kan jẹ́ tiyín. Ẹ kọ̀wé sí mi kí n lè mọ bí yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ yín.